Kó Rinlẹ̀, Kó Má Pariwo: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Riff Rock Lórí Gìtá Oníná

Ẹ ti ra gìtá oníná. Ẹ ti wo fídíò tó pọ̀ lórí YouTube. Ẹ mọ fret tí ìka yín máa tẹ̀, ẹ sì mọ okùn tí ẹ máa ta. Ẹ wá ta riff tí ẹ fẹ́ràn yẹn, ohun tó jáde ń dún bí ẹ̀fọn tó há sínú agolo mílíìkì. Kí lẹ máa ṣe? Ẹ máa yí volume sókè. Ó ṣì ń dún bẹ́ẹ̀, ẹ̀fọn náà kàn tóbi sí i ni. Ẹ tún yí i sókè. Kò pẹ́, ẹnì kan ti ń kan ilẹ̀kùn.

Abraham Adésànyà Estate ni mò ń gbé, lápá Ajah níbí. Nínú ilé tiwa, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá mi àti yàrá ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Lekki sí Epe. Ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sùn, àbí? Síbẹ̀ mò ń ta rock lálẹ́, ó sì ń rinlẹ̀ dáadáa. Àwọn olórin rock ń pe irú ohùn bẹ́ẹ̀ ní heavy, ohùn tó máa ń dún gbì láyà èèyàn. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí ni pé ohùn tó rinlẹ̀ àti ariwo, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ìṣirò àti ọwọ́ ló ń mú ohùn rinlẹ̀, ẹ sì lè ṣe gbogbo ẹ̀ nínú earpiece.

Riff ni gbólóhùn orin kúkúrú kan tí gìtá ń sọ lásọtúnsọ títí tó fi máa di ojú orin náà. Ẹni tó bá dàgbà sínú orin jùjú ti mọ̀ ọ́n láì mọ orúkọ rẹ̀: àwọn gìtá tó ń tún gbólóhùn kan náà ta lẹ́yìn Sunny Adé tàbí Ebenezer Obey ń ṣe iṣẹ́ tó jọ ọ́. Ti rock ló kàn sọ̀kalẹ̀ wá sórí okùn tó nípọn, tó sì fi distortion kún un.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún yín pé orin àjèjì lẹ̀ ń lé kiri o. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì Ọbàlendé ní Ajah, àdúgbò tí St. Gregory's College wà lẹ máa bọ́ sí. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yẹn ló dá ẹgbẹ́ Ofege sílẹ̀, àwo wọn, Try and Love, sì jáde ní 1973. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì! Ọdún 1973 yẹn náà ni ẹgbẹ́ BLO gbé Chapter One jáde ní Èkó yìí: Berkley Jones lórí gìtá, Laolu Akins nídìí ìlù, Mike Odumosu lórí bass. Ẹ tẹ́tí sí gìtá inú àwọn àwo yẹn, ẹ máa gbọ́ fuzz, ìyẹn ẹ̀gbọ́n distortion. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ohùn yìí ti wà nílùú wa.

Okùn, òòfà àti àjà kékeré

Gìtá oníná ò ní ikùn bíi ti gìtá onígi. Tí ẹ ò bá so ó mọ́ nǹkan kan, ohùn ẹ̀ ò kọjá ìdí etí yín. Lábẹ́ okùn ni iṣẹ́ wà. Pickup tí ẹ ń rí níbẹ̀ yẹn, òòfà ni, tí wọ́n fi wáyà bàbà tín-ín-rín wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Irin ni okùn gìtá. Tí okùn bá ń gbọ̀n lórí òòfà yẹn, iná kékeré kan á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sáré bọ̀ nínú wáyà náà, á máa gbọ̀n bí okùn ṣe ń gbọ̀n. Michael Faraday ló ṣàwárí òfin yìí ní 1831, òun náà ló ń mú jẹnẹrétọ̀ ilé yín pèsè iná. Nínú gìtá, okùn ni ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ yín sì ni epo bẹntiróòlù.

Okùn kẹfà, èyí tó nípọn jù, máa ń gbọ̀n ní ìgbà 82 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan tí ẹ bá tún gìtá ṣe bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń tún un ṣe. A máa ń kọ ọ́ báyìí: 82 Hz. Ṣùgbọ́n kì í gbọ̀n lódindi nìkan. Lẹ́ẹ̀kan náà ló tún ń gbọ̀n ní ìlàjì, ní ìdámẹ́ta, ní ìdámẹ́rin, tó bẹ́ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlàjì ń dún ní 165 Hz, ìdámẹ́ta ní 247 Hz. Ẹ fi wé ẹgbẹ́ onídùndún: ìyá ìlù ń sọ̀rọ̀, àwọn omele ń gbè é lẹ́sẹ̀. Ohùn 82 Hz yẹn ni ìyá ìlù. Àwọn omele ẹ̀ ni à ń pè ní harmonics.

Distortion wá dé. Ẹ fojú inú wo ìgbì tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí orí ẹ̀ rí róbótó. Pedal máa gbé ìgbì yìí ga ní ìlọ́po púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti fi àjà kékeré kan bo òkè, ó sì fi ilẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ pedal, diode silicon méjì ni àjà àti ilẹ̀ yẹn. Tí iná bá ti fẹ́ kọjá nǹkan bíi 0.6 fólítì, diode á ṣí ọ̀nà ẹ̀bùrú fún un, ìgbì ò sì ní lè ga ju ibẹ̀ lọ. Orí róbótó yẹn á di pẹrẹsẹ bíi tábìlì.

Joseph Fourier, ará Faransé, ti fi hàn wá pé ìgbì èyíkéyìí tó bá ń tún ara ẹ̀ ṣe, àkópọ̀ ìgbì róbótó ló wà nínú ẹ̀. Ìgbì tí orí ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ò sì ṣeé kó jọ láì pe omele púpọ̀ wá. Torí náà, bí pedal ṣe ń gé orí ìgbì, bẹ́ẹ̀ ló ń fún àwọn omele tó ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ tẹ́lẹ̀ ní gbohùngbohùn. Ibẹ̀ ni ohùn tó ń ha, tó kún, tó sì ń pẹ́ nílẹ̀ ti ń wá.

Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí gígé yẹn ti ṣẹlẹ̀ o. Inú pedal ni, kí ohùn tó dé sípíkà rárá. Ìdí nìyẹn tí bọ́tìnnì méjì fi wà: gain ló ń pinnu bí a ṣe máa gé ìgbì tó, volume ló ń pinnu bí aráyé ṣe máa gbọ́ ọ tó. Gain lè wà lókè kí volume wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ò ní irú oore-ọ̀fẹ́ yìí. Link Wray fi pẹ́ńsù lu sípíkà ẹ̀ níhò kó tó rí irú ohùn tó ń wá fún Rumble, tó jáde ní 1958. Dave Davies ti ẹgbẹ́ Kinks fi abẹ fá sípíkà tiẹ̀ ya, ohùn yẹn ló wà nínú You Really Got Me ní 1964. (Mo bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò. Sípíkà wọ́n.) Pedal Maestro Fuzz-Tone ti jáde ní 1962, òun sì ni ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ sọ ohùn yìí di ohun tí èèyàn lè rà lọ́jà. Lónìí, áàpù orí fóònù ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn pẹ̀lú ìṣirò lásán.

Ìdí tí chord yín fi ń dà rú

Ọmọkùnrin kan wà nísàlẹ̀ ilé wa tó ń múra WAEC. Ó gbé gìtá ẹ̀ wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó tan distortion, ó sì ta D major, chord oníka mẹ́ta tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ kọ́. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ páànù lórí kọnkéré.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé torí amp mi kéré ni? Mo ti ń tọ́jú owó, mo fẹ́ ra èyí tó tóbi."

"Má tíì náwó. Yọ ohùn kan kúrò nínú chord yẹn ná."

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ní kó yọ ẹran kúrò nínú ọbẹ̀.

Ohùn mẹ́ta ló wà nínú D major: D, A àti F-sharp. Nínú chord tó ta yẹn, D tó wà nísàlẹ̀ jẹ́ 146.8 Hz, A jẹ́ 220, F-sharp sì jẹ́ 370. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn omele wọn. Omele kẹta ti D wà ní 440.5 Hz, omele kejì ti A wà ní 440. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, ìyàtọ̀ wọn ò ju ìlàjì Hz lọ. Wọ́n máa ń gbéra tí wọ́n á sì rọlẹ̀ pọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Etí ò rí ìjà níbẹ̀.

Ẹ wá wo F-sharp. Omele karùn-ún ti D wà ní 734 Hz, omele kejì ti F-sharp wà ní 740. Ìyàtọ̀ 6 Hz nìyẹn: ohùn náà á máa gbọ̀n wọ̀-wọ̀-wọ̀ ní ìgbà mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí kò bá sí distortion, àwọn omele yẹn kéré, a ò fiyè sí wọn. Ṣùgbọ́n distortion ti fún wọn ní gbohùngbohùn! Ìjà wọn wá di ti gbogbo àdúgbò.

Kò tán síbẹ̀. Tí ohùn méjì bá gba abẹ́ àjà kan náà kọjá, àjà yẹn máa bí ohùn tuntun, tí ẹ ò ta rárá. Ọ̀kan nínú wọn ni ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ yọ D kúrò nínú F-sharp: 370 dín 146.8 jẹ́ 223. Ohùn 223 Hz tí ẹnikẹ́ni ò pè yìí á wá jókòó ti A tó wà ní 220, àwọn náà á tún máa jà. Ọ̀pọ̀ irú àlejò bẹ́ẹ̀ ló máa ya wọlé.

Yọ F-sharp kúrò, ó ku D àti A. Ìyẹn ni power chord. Ìbátan àárín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 2 sí 3 gẹ́lẹ́. Níbí ni adùn ẹ̀ wà: tí ẹ bá ta D àti A tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, 73.4 Hz àti 110 Hz, ohùn ìyàtọ̀ tí distortion máa bí jẹ́ 36.6 Hz, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlàjì 73.4 gẹ́lẹ́. D náà ni, ṣùgbọ́n ní odidi octave kan sísàlẹ̀! Okùn tó nípọn jù lórí bass olókùn mẹ́rin ò tiẹ̀ dé ibẹ̀, 41 Hz ni tiẹ̀. Àlejò tó wá yìí, ọmọ ilé ni. Ó gbé ẹrù wá.

Ẹ lè sọ pé sípíkà kékeré àti earpiece ò lè gbé 36 Hz. Òótọ́ ni, púpọ̀ nínú wọn ò lè gbé e dáadáa. Ṣùgbọ́n ọpọlọ ń ràn wá lọ́wọ́. Tí etí bá gbọ́ 73, 110, 147, 183, ọpọlọ á rí i pé ìdílé kan náà ni gbogbo wọn, á sì fi bàbá wọn kún un fúnra ẹ̀. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́: ìpè fóònù àtijọ́ ò gbé ohùn tó bá rẹlẹ̀ ju 300 Hz lọ dáadáa, ohùn ọ̀pọ̀ ọkùnrin sì wà ní ìtòsí 100 Hz, síbẹ̀ bàbá yín ò jọ ọmọdé létí yín rí lórí fóònù.

Ọmọ yẹn tún un ta láì fi F-sharp sí i. Kò ra amp mọ́.

Ẹ dẹ okùn kẹfà

Ọ̀pọ̀ riff rock alternative tó rinlẹ̀, drop D ni wọ́n fi ta á: a máa dẹ okùn kẹfà láti E wá sí D, láti 82.4 Hz sí 73.4 Hz. Onídùndún mọ òfin yìí dáadáa. Tó bá fún okùn awọ ẹ̀gbẹ́ ìlù, ohùn á gòkè. Tó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Kí okùn tó lè wálẹ̀ láti E sí D, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára tó fi fà ló máa lọ.

Ẹ lè ṣe é láì sí áàpù. Ẹ ta okùn kẹrin lófìfo, D ni, 146.8 Hz. Ẹ ta okùn kẹfà pẹ̀lú ẹ̀, kí ẹ máa dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa gbọ́ wọ̀ọ́-wọ̀ọ́-wọ̀ọ́ tó ń yára. Bí ẹ ṣe ń sún mọ́ D, á máa falẹ̀. Nígbà tó bá dákẹ́, ẹ ti débẹ̀.

Èrè ẹ̀ ni pé okùn kẹfà, karùn-ún àti kẹrin ti di power chord láì tẹ nǹkan kan: D, A, D. Tí ẹ bá fi ìka kan ṣoṣo dùbúlẹ̀ lórí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní fret èyíkéyìí, power chord mìíràn nìyẹn. Soundgarden ta á bẹ́ẹ̀ nínú Outshined ní 1991. Rage Against the Machine ta á bẹ́ẹ̀ nínú Killing in the Name ní 1992, bàbá Tom Morello tó ń ta gìtá fún wọn sì jẹ́ ọmọ Kenya. Dídẹ okùn ti wà ṣáájú wọn. Tony Iommi ti Black Sabbath pàdánù orí ìka méjì sẹ́nu ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ kan ní Birmingham ní 1965, ó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 17. Lára ohun tó ṣe kí ìka yẹn má baà máa dùn ún ni pé ó dẹ okùn ẹ̀ sílẹ̀, ohùn wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rock sì tẹ̀ lé e.

Kí ẹ tó so ó mọ́ iná

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibí yìí. Tí ẹ bá fọwọ́ kan okùn gìtá, ìró hùùù yẹn máa ń dínkù. Ìdí ni pé okùn gìtá yín so mọ́ wáyà earth amp. Ó dáa bẹ́ẹ̀, tí earth bá wà. Ṣùgbọ́n tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé yín ò bá ní earth, tàbí tí ẹ fi adaptor ẹlẹ́sẹ̀ méjì gbé amp ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí nǹkan sì wá bàjẹ́ nínú amp yẹn, iná 230 fólítì lè gba ibẹ̀ bọ́ sórí okùn tí ẹ dì mú. Leslie Harvey, onígìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows, kú lórí ìtàgé ní Swansea ní 1972: ó fọwọ́ kan gìtá, ó fọwọ́ kan gbohùngbohùn tí wọn ò so mọ́ earth dáadáa, iná sì gbà á kọjá.

Ẹ pe oníṣẹ́ iná kó fi ẹ̀rọ yẹ earth ilé yín wò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni jẹnẹrétọ̀ kékeré, I-better-pass-my-neighbour, kì í ní earth kankan tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Lójú tèmi, ohun tó dáa jù fún akẹ́kọ̀ọ́ ni amp kékeré alábátìrì tí wọ́n ń kì bọ gìtá, tí earpiece sì ń wọ inú ẹ̀. Ẹ má ta á nígbà tó bá ń gba iná lọ́wọ́. Ìró hùùù náà lè má tán, torí 50 Hz tí wáyà ilé ń tú sáfẹ́fẹ́ ni pickup ń gbé.

Earpiece náà ní tiẹ̀ o. NIOSH, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́, ní kí èèyàn má ju wákàtí mẹ́jọ lọ lójúmọ́ nínú ariwo 85 decibel, kí àkókò yẹn sì máa pín sí méjì bí ariwo bá ṣe ń fi 3 decibel lọ sókè. Tó bá di 100 decibel, ìṣẹ́jú 15 ló kù. Irun tín-ín-rín inú etí tó ń gbé ohùn fún ọpọlọ, tó bá ti kú, òmíì ò hù mọ́ fún ọmọ ènìyàn. Ẹ tún rántí pé tí volume bá wálẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ni etí kọ́kọ́ ń pàdánù. Fletcher àti Munson ti wọn ìyẹn ní 1933. Torí náà tí ó bá dà bíi pé kò rinlẹ̀ tó, bọ́tìnnì bass ni kẹ́ ẹ yí díẹ̀, ẹ fi volume sílẹ̀.

Riff náà

Èyí tí mo kọ fún yín rèé. Ìlà méjì, ibi mẹ́jọ nínú ìlà kọ̀ọ̀kan:

0 0 3 – 0 0 5 3
0 0 3 – 1 – 0 –

Nọ́ńbà ni fret tí ìka kan máa tẹ̀ lórí okùn mẹ́ta tó nípọn. 0 ni òfìfo. Ìlà kékeré túmọ̀ sí pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí ohùn tó wà níwájú ẹ̀ máa dún lọ. Àwọn 0 méjì tó tò tẹ̀léra, ẹ pa wọ́n lẹ́nu. Ìyókù, ẹ jẹ́ kí wọ́n ké. Fret 3 jẹ́ 87 Hz, 5 jẹ́ 98, 1 jẹ́ 78. Bí riff ṣe ń ti 78 já bọ́ sí 73 ní ìparí yẹn, ibẹ̀ ló ti ń dẹ́rù bani. Níbi 5, ohùn ìyàtọ̀ á wà ní 49 Hz, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìró NEPA mu.

Pípa lẹ́nu yẹn ni palm mute. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, ìhà ọmọńdinrín, sinmi sórí okùn níbi tó ti jáde láti bridge. Ẹran ara yín máa mu agbára okùn, àwọn omele òkè ló sì máa kọ́kọ́ kú. Ohun tó ṣẹ́ kù ni gbì kúkúrú. Tí ọwọ́ bá sún síwájú jù, ohùn á kú pátá, á kàn máa dún tọ́-tọ́. Tó bá wà lẹ́yìn jù, kò ní pa á. Ẹ wá ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó ta riff kankan. Palm mute ṣe pàtàkì torí pé distortion ń gbé ohun kékeré ga bí ohun ńlá: kò sí ìdákẹ́jẹ́ àyàfi tí ọwọ́ yín bá dá a sílẹ̀. Gbì-gbì tó kúrú yẹn ló sì ń mú kí fret 3 tó ké lẹ́yìn ẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn ńlá tó ṣí. Okùn mẹ́ta tín-ín-rín ìsàlẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ìka tó dùbúlẹ̀ yẹn kàn wọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n má baà dá sí ọ̀rọ̀ tí ò kàn wọ́n.

Ẹ má fi ipá ta okùn bí ẹni ń pa ejò. Tí ẹ bá ta okùn líle, ó máa nà, fífà ẹ̀ á pọ̀ sí i, ohùn ẹ̀ á sì kọ́kọ́ gòkè ju bó ṣe yẹ lọ kó tó padà. Okùn tí a ti dẹ̀ ló tún burú jù. 73.4 yẹn ò ní jẹ́ 73.4 mọ́, ìbátan 2 sí 3 á bàjẹ́, àlejò tó ń jà á padà wá. Ẹ rí i báyìí pé agbára tí ẹ fi kún un ló mú ìrinlẹ̀ yẹn lọ. Títẹ̀ ọwọ́ òsì jù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá áàpù metronome, ẹ fi sí 50. Ibi méjì nínú riff ni fún ìlù kan, ìyẹn ni pé ibi kọ̀ọ̀kan ní 0.6 ìṣẹ́jú-àáyá. Á falẹ̀ débi tó máa sú yín. Ẹ fara dà á, torí àṣìtẹ̀ tí ọwọ́ bá tún ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, òun náà ni ọwọ́ ń kọ́. Tó bá mọ́ ní ìgbà márùn-ún léraléra, ẹ fi 5 kún un. Ibi tí à ń lọ ni 100, níbi tí ibi kọ̀ọ̀kan ò ju 0.3 ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ ni 5 sí 3 ìparí ìlà kínní, torí 0 tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ń retí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ yọ ibi mẹ́rin yẹn sọ́tọ̀, 5 3 0 0, kí ẹ máa yí i po.

Ẹ sì lọ sùn. Ní 2002, Matthew Walker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní kí àwọn èèyàn fi ọwọ́ tí wọn kì í sábà lò tẹ bọ́tìnnì ní ìtẹ̀léra kan. Àwọn tó sùn láàárín ìkọ́ àti ìdánwò yára sí i ní nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún láì tún fi ọwọ́ kàn án. Àwọn tó kàn fi wákàtí kan náà jókòó lójú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ò rí irú ìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ogún ìṣẹ́jú lálaalẹ́ ju wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé lọ.

Tí ẹ bá dé 100, ẹ gba ohùn náà sílẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ sì tẹ́tí sí àwọn ibi tí a ti pa okùn lẹ́nu, ẹ fi àwọn ibi tó ń ké sílẹ̀ ná. Tí ẹ bá ń gbọ́ ṣììì láàárín 0 àti 0, ọwọ́ ọ̀tún ti kúrò nídìí bridge. Tí ẹ bá gbọ́ okùn tín-ín-rín kan tó ń kọrin tiẹ̀, ìka òsì ti gbéra. Ẹ dín gain kù díẹ̀, ẹ padà sí 80, kí ẹ tún un ta.